Ìyá Mi àti Ọyẹ́ Àwọn Faransé

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti fẹ́ kọjá agbára mi. Ìyá mi fẹ́ padà sí Ìbàdàn, èmi ni mo sì dá wọn dúró sí Laurel ní Amẹ́ríkà níbí. Mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi pé orí Màámi kò pé mọ́, pé wọn ò lè dá gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ta ló fẹ́ bá mi jiyàn? Kí sì ni mo rí? Omi ni o! Láti ìgbà tí òtútù ti dé tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fẹ́, Màámi kì í jẹ́ kí omi kankan wà ní ṣíṣí. Ife, kẹ́tù, garawa, títí kan abọ́ omi ajá ọmọ mi, àwo ni wọ́n ń fi dé e. Ajá ò rí omi mu mọ́! Bí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ọyẹ́ ò ṣeé fojú di." Ọyẹ́ wo ló wà ní Amẹ́ríkà?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní Sátidé kan, ṣọ́ọ̀ṣì wa kó àwọn àgbàlagbà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó ń sọ ìtàn bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe dán àdó olóró átọ́míìkì wò. Èmi náà tẹ̀ lé Màámi. Mo ń kùn pé irú ìgbafẹ́ wo nìyí, àfìgbà tí a dé iwájú àwòrán aṣálẹ̀ kan tí èéfín bo ojú ọ̀run rẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mo ní, "Màámi, Sàhárà nìyí o. Ibẹ̀ làwọn Faransé ti yin tiwọn."

"Háà! Àṣé wọ́n ya fọ́tò ẹ̀!"

Ni Màámi bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà, ní Bẹẹrẹ. Ìròyìn kàn pé òyìnbó yin bọ́ǹbù ní aṣálẹ̀, pé ọyẹ́ lè gbé eérú rẹ̀ wá bá wa. Ìyá wọn figbe ta pé kí gbogbo agbo ilé dé omi, àwọn ọmọdé sì ń sáré gbé ọmọrí kiri láti ìkòkò dé ìkòkò. Màámi ń dárúkọ àwọn ará ilé náà fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rántí ọyẹ́ ìgbà èwe mi, òrí tí Màámi ń fi pa ètè mi, iná tí a ń yá láàárọ̀, ẹ̀pà sísun nínú àpò aṣọ iléèwé. Àárò ilé sọ mí, omi bọ́ lójú mi níwájú àlejò.

Nígbà tí à ń wakọ̀ bọ̀ wálé, Màámi rọra sọ pé, "Àjọkẹ́, orí mi pé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Jẹ́ n lọ bá àwọn tó kù nínú agbo ilé wa."

Àìsàn tí mo fi ń dá wọn dúró ti pòórá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi ni mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní gbogbo Amẹ́ríkà yìí, Màámi nìkan ló ń pè mí ní Àjọkẹ́. Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa pè mí bẹ́ẹ̀?