Ìkọ́ Tí Mo Gbé Sókè

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ má tíì tan iná sí ojú irin. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún méje, bí n kò bá sì sọ ọ́ lónìí, n kò ní í sọ ọ́ mọ́. Ara mi le. Dókítà kankan kò sọ fún mi pé ọjọ́ mi ti tán. Ife kan ló gbé mi dìde, ẹ ó sì gbọ́ nípa rẹ̀ bó bá yá. Ẹ wo pátákó tí a ń kọ orúkọ àwọn tó borí sí lára ògiri yẹn. Ẹ ka ọdún méje sẹ́yìn lórí rẹ̀. Orúkọ mi lẹ rí níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé mo jí àyè yẹn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ kò mọ Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà ni, àwa la sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ní kó bá ọ gé búrẹ́dì, yóò kọ́kọ́ wá rúlà. Èmi àti ẹ̀ la jọ dá ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ ojú irin kékeré yìí sílẹ̀. Òun ló kan tábìlì gígùn tí ojú irin wa wà lórí rẹ̀, òun náà ló gbẹ́ òkè tó wà láàárín rẹ̀. Èmi, aago ni mo ń tún ṣe, pẹ̀lú awò lójú, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní Olójú-Awò. Nítorí ojú yìí ni ẹ ṣe fi òdiwọ̀n idẹ sí mi lọ́wọ́, pé kí n máa fi wọn gíga ìkọ́ tó ń so àwọn ọkọ̀ mọ́ra kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ní ó péye, ó péye. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́yìn mi.

Ẹ mọ ẹ́ńjìnnì wa. Ó rí bíi ti ayé àtijọ́ tó ń fi ooru omi rìn, ó ní ihò èéfín, ó ní àgbá omi, ṣùgbọ́n iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, ó fúyẹ́. Bí kọ́ọ̀ṣì tí ẹ so mọ́ ọn bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa yí lójú kan ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ ki òjé sínú àgbá omi tèmi láti fi wúwo. Ọdún mẹ́ta ni mo fi borí, kọ́ọ̀ṣì méjìlélógún ni mo sì ń fà gun òkè yẹn. Mo ti ń rìn bí ẹni tó ni òkè náà.

Nígbà tí ìdíje ọdún náà ku ọ̀sẹ̀ kan, Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì pè mí sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò ki òjé sínú àgbá omi níwájú bíi tèmi. Orí àwọn ẹsẹ̀ ńlá tó ń ti ọkọ̀ gan-an ló gbé e sí, kí ìwúwo lè tẹ̀ wọ́n mọ́ irin. Ó wá fi rọ́bà tín-ín-rín wé ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn kí wọ́n má bàa yọ̀. Ó so kọ́ọ̀ṣì méjìdínlọ́gbọ̀n mọ́ ọn lórí òkè pákó tó fi ń dán an wò. Ẹ́ńjìnnì yẹn gùn ún bí ẹni ń lọ sí yàrá. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni kọ́ọ̀ṣì pupa tí ìyàwó rẹ̀ rán kọ́tìnnì sí ojú fèrèsé rẹ̀, aṣọ tí kò ju èékánná lọ, ní oṣù díẹ̀ kó tó kú. Ọ̀rẹ́ mi kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi. Ó tilẹ̀ ní àyè ṣì wà, pé kí n gbé tèmi wá kí òun bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Àgbàyà bí èmi, mo rò pé ìtìjú ni kí káfíńtà kọ́ mi ní ohun tí èmi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó wá gbé ẹ́ńjìnnì náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, bá mi wo ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú tìẹ dá ju tèmi lọ.”

Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí rédíò ń sọ̀rọ̀. Mo wọn ìkọ́ náà, ó tọ́. Mo fi ẹ̀mú kékeré gbé e sókè díẹ̀, kò ju ìbú òwú méjì lọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Lórí ilẹ̀ títẹ́ yóò dì mú, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá dé orí òkè tó dorí kọ ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò gbéra, ìkọ́ náà yóò sì yọ. Mo dán an wò lórí pákó kan tí mo gbé dàgẹ̀rẹ̀, ó yọ. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ó péye.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje nìyẹn. Kọ́ọ̀ṣì méjìdínlọ́gbọ̀n gun òkè, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ti dìde dúró, ni ìkọ́ bá yọ. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ sí òdì kejì. Gbogbo ìyókù fà sẹ́yìn, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Kọ́ọ̀ṣì pupa ló kọ́kọ́ balẹ̀, àwọn yòókù wó lé e. Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì kúnlẹ̀, ó ń ṣa kọ́tìnnì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi sáré gbé ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú. Mo fi sukurudiráfà mi yọ ìkọ́ náà, mo sì jù ú sápò kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ̀n ọ́n.

Ẹ máa rò pé ibẹ̀ ló burú sí jù. Kì í ṣe ibẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bi mí pé, “Ọ̀rẹ́, ṣé ó tọ́ nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ?” Ojú rẹ̀ kò fura rárá. Ká ní mo ti jẹ́wọ́ níbẹ̀, bóyá ì bá bínú fún oṣù kan. Mo ní, “Ó tọ́. Àfi bí ọwọ́ rẹ bá gbé e nígbà tí o gbà á padà. Mo ti ń rí i pé ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n.” Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí.

Láàárín oṣù yẹn ló ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa, tó kó ayùn àti ìfági fún ẹni tó bá fẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ gé ìka ara òun. Ẹ̀yin bi mí léèrè rẹ̀, mo ní ọjọ́ ogbó ni. Mò ń lọ kí i ní ọjọ́ Sunday, mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo sì ń bá a kẹ́dùn ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rẹ́ tí mo jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní dókítà ti yẹ bàbá òun wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ wọn kò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ wọn kì í gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ife oníke tó ní ìdérí, irú èyí tí ọmọdé fi ń mumi, ni wọ́n fi ń mu tíì. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n gbà gbọ́.” Mo sunkún lẹ́yìn tó lọ, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Àná ni mo lọ. Mo gbé ìkọ́ náà lé orí tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ̀nlẹ́ẹ̀mejì kò pariwo. Ó ní kí n fún òun ní ẹ̀mú mi. Ó di ìkọ́ náà mú, kò lo awò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà án sí mi. Ó ní, “Wọ̀n ọ́n.” Mo fi òdiwọ̀n sí i, ó tọ́. Ó ní, “Tún un wọ̀n.” Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ń gbọ̀n.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun lè dárí jì mí, pé kọ́tìnnì yẹn ń dun òun. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá sọ ọ́ níbi tí mo ti parọ́. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lára pátákó, ẹ kọ tirẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú méjìdínlọ́gbọ̀n. Òdiwọ̀n idẹ nìyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì máa fi èèyàn méjì sídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá mọ iṣẹ́ jù yín lọ, tó sì ní kí ẹ wá kọ́ ọ, ẹ lọ kọ́ ọ. Ìtìjú rẹ̀ kò pẹ́. Ti èmi pé ọdún méje.

Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ó ní tí mo bá ti sọ ọ́ tán, kí n padà wá sọ fún òun bó ṣe rí. Ó ní òun fúnra òun ni yóò po tíì dè mí, òun ni yóò sì gbé e wá, nínú ife tí kò ní ìdérí.