Èmi Ni Mo Ba Ẹsẹ̀ Aṣọ́lé Náà Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ fẹ́ fi orúkọ mi pe pápá ìṣeré tuntun tí ẹ ń kọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ògiri, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹni náà ṣe. Àrùn ti dí mi ní ọ̀nà ọ̀fun, dókítà kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n nígbà tí ó sọ fún mi pé n kò ní í pẹ́ lọ. Ohùn tí mo fi ń pàṣẹ fún yín lórí ìlà ti di èémí lásán. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹnu mi kọ̀ láti sọ nígbà tí ó ṣì lágbára. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa iye ohun tí irọ́ yóò ti bà jẹ́ ní ojú ọ̀nà kí òtítọ́ tó dé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí ọmọbìnrin kan tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan nínú yín mọ̀ pé ọmọ àbúrò mi ni. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ni ó sì ń tọ́ ọ nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ gba ìdajì rẹ̀. Nílé, Bàbá Tíṣà ni ọmọ náà ń pè mí. Ní ilé-ìwé, "sà" ni, mo sì máa ń bá a wí bí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ mọ̀ mí: èmi ni olùkọ́ èdè, èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, n kì í sì í gba iṣẹ́ jákujàku nínú èyíkéyìí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ṣe jákujàku. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó gbá a, ara tirẹ̀ náà ti kúrò nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti wọ ìdíje àṣekágbá, a sì ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò dá, nígbà tí ó fò níbi ìdánrawò tí ó sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ́. Kí a tó gbé e dé orí àga, ó ti wú bí búrẹ́dì tí ó já sómi. Ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú iṣan àti oríkèé. Òun ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó pe èmi àti àbúrò mi jókòó, ó sì là á yé wa. "Egungun ò kán," ni ó wí. "Iṣan tó so ó mọ́ra ló fà ya. Ìrora máa kọ́kọ́ lọ, wíwú náà á lọ, gbogbo yín á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán o. Iṣan tó bá fà ya máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró; àfi ká tún kọ́ ọ." Ó ní kí ọmọ náà tó padà sórí pápá, yóò fi ẹsẹ̀ tí ó rọ́ náà nìkan dúró, yóò ká ọwọ́ lé àyà, yóò sì di ojú rẹ̀ pátápátá títí òun yóò fi pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi bi í pé, "Kí lojú dídì wà fún, nọ́ọ̀sì?" Ó dáhùn pé, "Ojú máa ń gbèjà ẹsẹ̀, ìyá. Tójú bá là sílẹ̀, ojú ló ń gbé èèyàn dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ó yé mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò yé mi. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ife ìdíje náà kò wọ ilé-ìwé wa rí. "Tíṣà, ta lẹ fẹ́ fi ṣọ́lé?" Mo ní aṣọ́lé kejì ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yẹn? Asẹ́ lọwọ́ ẹ̀! Ẹ bu omi sí i, kò ní dúró, ẹ wá ní kó mú bọ́ọ̀lù." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ tiyín ńkọ́? Mo rí i lánàá tó ń rìn. Kò tiro." Mo sọ fún un pé wọn kò tíì dán an wò. "Ẹ̀yin náà kẹ̀, Tíṣà! Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yege ìdánwò bíi tiyín?" Ẹ má ṣe di ẹrù yìí lé e lórí o. Ó kàn ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ṣà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ náà wá bá mi ní pálọ̀ mi. Mo ní kí ó dúró bí nọ́ọ̀sì ti wí. Bí ó ti dijú, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì fi ọwọ́ di ògiri mú. "Ó ṣì ń yẹ̀ lábẹ́ mi, Bàbá Tíṣà." Mo ní, "Kí ló ń yẹ̀?" "Ẹsẹ̀ yìí ni. Ó dà bí ìgbà téèyàn jókòó sórí àga tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan kúrú." Mo ní, "Ṣebí irú àga bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo kíláàsì? Ṣé ẹ̀ ń jókòó lé e àbí ẹ ò jókòó lé e?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa á lẹ́rìn-ín, mo sì gba ojú ẹ̀rín wọlé. "Ìwọ má dijú tán. Dijú bí ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà sórí oúnjẹ níwájú ẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú ẹran tó tóbi jù." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fi hàn án bí yóò ṣe jẹ́ kí ìpéǹpéjú rẹ̀ là díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì dáadáa, àti bí yóò ṣe wá ohun kan lára ògiri tí yóò tẹjú mọ́, ìbáà ṣe ìṣó, ìbáà ṣe ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, yóò bo ibi tí ojú ti là. Mo ti kíyè sí ìyẹn pẹ̀lú. Nígbà tí ó ṣe é tí kò yẹ̀ mọ́, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá Tíṣà, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyí?" Èmi tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo dáhùn pé, "Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ? Ojú kì í sọ̀rọ̀." Èmi yìí kan náà ni mo kọ́ yín pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ní ilé ìwòsàn, ó dúró gbọin. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó dáa. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ ó dáa." Àbúrò mi dìde, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ náà wò mí láti orí èjìká ìyá rẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí i.

Ní ọjọ́ ìdíje, mo fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀ náà le dan-in dan-in, mo sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ń dùn ún, kí ó fi pamọ́ títí a ó fi ṣe tán. A gbá gòólù kan wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù láti igun pápá, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì fò. Ó mú bọ́ọ̀lù náà lókè. Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti yọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó fi balẹ̀. Ẹsẹ̀ náà yí sínú, gbogbo ara rẹ̀ sì wó lé e. Láti ibi tí mo dúró ni mo ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà bọ́. Ó gbá a mọ́ àyà, ó ń ké pé, "Bàbá Tíṣà! Bàbá Tíṣà!" lójú gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n gbé e jáde, aṣọ́lé kejì sì wọlé. Ẹ gbọ́ èyí tí n kò lè gbé mì títí di òní: asẹ́ náà kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kọjá. A gba ife. A kò nílò ẹsẹ̀ ọmọ náà rárá.

Egungun kán, iṣan já. Nọ́ọ̀sì náà wá dúró lẹ́bàá ibùsùn. "Wò mí. Ọjọ́ tí mo dán ẹ wò, ṣé o dijú?" Ọmọ náà tẹjú mọ́ báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ní ṣé o dijú?" "Mo ṣíjú díẹ̀, mà." Ìyá rẹ̀ dìde dúró. "O ṣe kí ni?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ọmọ náà yí ojú sí mi. Kò nàka. Ó kàn ń wò mí, ó ń fún mi láyè kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo mi orí, mo ní, "Àwọn ọmọ ìwòyí! Kí la ò ní rí lọ́wọ́ wọn?" Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé irọ́ nìyí, síbẹ̀ n kò tíì pa irọ́ tí ó tó o rí. Àbúrò mi jókòó padà, ó fi aṣọ bo ojú. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ ṣe ara ẹ."

Ká ní ibẹ̀ ni mo fi irọ́ náà mọ, bóyá ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n ń bèèrè ẹni tí ó gbé ọmọ aláìsàn sórí pápá. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ tò sórí ìlà, mo fi ọmọ náà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ rántí. Ó dúró láàárín yín, ọ̀pá méjì ní abíyá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ohun tí irọ́ ń fi egungun ṣe." Ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo sọ ọ́ lọ́nà tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti pa orúkọ rẹ̀ dà sí Ojú-ò-Dì. N kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ó wá bá mi ní kíláàsì nígbà tí gbogbo yín ti lọ. "Bàbá Tíṣà, mi ò bínú tàwọn ọmọ kíláàsì. Ẹ ṣáà sọ fún màmá mi. Màmá mi nìkan." Mo ní, "Jẹ́ kí sáà parí." Sáà parí, mo ní kí ọkàn ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀. Nígbà tí ó yá, mo ní kí n fẹ̀yìn tì ná, kí orúkọ ilé-ìwé má bàa bàjẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó ti dẹ́kun bíbéèrè. Ẹsẹ̀ náà kò gún mọ́; ó ń wọ́ ọ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ni mo bà jẹ́ jù. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì jẹ́ kí ó gé aṣọ kankan láìjẹ́ pé òun tún un wọ̀n. Ọmọ á ti wọn oníbàárà tán, ìyá á gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀: "Mú un wá. Ojú tó kọ̀ tí kò dì nígbà tó yẹ kó dì, ṣé ó máa là nígbà tó yẹ kó là?" Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bá ní òjò ń rọ̀, ìyá á na ọwọ́ síta lójú fèrèsé kí ó tó gbà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Kò kàn gbà á gbọ́ mọ́ láé.

Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo lọ kí i, mo sì ti pinnu ní ojú ọ̀nà pé lónìí ni n óò sọ ọ́. Mo jókòó sí etí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi tí ó fẹ́ fi nu ara ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan wà." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, èémí mi ò pọ̀ mọ́. Láyé tí mo wá yìí, ẹ̀yin nìkan ni mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu yín rí. Tí mo bá lọ, ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí. Ẹ bá mi kọ́ ọ ní òtítọ́. Èmi gbìyànjú, kò gbà." Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí: pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀, ìyìn náà dùn mọ́ mi nínú. Mo gbé ojú sókè, mo rí ọmọ náà tí ó dúró pẹ̀lú abọ́ omi rẹ̀, tí ó ń wò mí. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Kò sí ọ̀gá àgbà, kò sí òbí tí ń kùn, kò sí ife tí a ń dù. Mo ní, "Mo ti gbọ́, àbúrò mi. N óò kọ́ ọ." Ọmọ náà gbé abọ́ kalẹ̀, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àbúrò mi ti kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní eré lónìí, bí ọmọ bá sọ fún yín pé ara òun kò tíì dá, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Bí ẹ bá sì ti tàn án ná, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí etí tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ tó di ti erùpẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tí ó bá pẹ́ jù, ẹni tí ó ń jẹ́wọ́ nìkan ni ó ń tù lára. Tèmi yìí kò tilẹ̀ tù mí.

Ní oṣù yìí, mo lọ bá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi ìwọ̀nba ohùn tí ó kù sí mi lọ́fun sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìwé yìí. Ó ń rán ọrùn aṣọ kan. Kò dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ kọ ọ́ tó bá wù yín, Bàbá Tíṣà." Mo ní, "Gbogbo ayé á mọ̀ pé o kì í ṣe òpùrọ́." Ó ní, "Gbogbo ayé kọ́ ni mo bẹ̀ yín sí nígbà yẹn. Ẹnì kan ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó gé òwú, ó gbé aṣọ náà sókè, ó wò ó dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ aláṣọ," ni ó wí. N kò tún bèèrè mọ́.