Ìbú Ìka Kan Ni Mo Fi Gba Eré Ìje Lọ́wọ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mo ti ṣe ọkọ mi ní ohun kan tí kò mọ̀ títí di òní. Ó di ọdún márùn-ún tí mo ti ń gbé e kiri. Mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbé e lọ sí ọjà, mo sì ń gbé e sùn. Ǹ bá máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, torí ojo ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ti fẹ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́ báyìí, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni mí, Ṣàngó la ń gbé, nílùú Ìbàdàn níbí. Ọkọ mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Dùgbẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rá dúdú ti bò, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn ti lókìkí rí.

Nígbà tó wá fẹ́ mi, eléré kẹ̀kẹ́ ni. Mi ò sọ pé eré ọmọdé o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ló gbà á, wọ́n ń san owó oṣù fún un pé kó máa fi kẹ̀kẹ́ wọn sáré ìje, kí ayé lè rí bó ṣe lágbára tó. Lọ́jọ́ tó wá rí bàbá mi, bàbá mi bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní òun ń gun kẹ̀kẹ́. Bàbá mi ní, "Mo rí i pé kẹ̀kẹ́ lo gùn wá. Iṣẹ́ rẹ ni mò ń bi ọ́." A ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín nílé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun kan, torí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Eléré kẹ̀kẹ́ kì í fi ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bó ṣe ga tó, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Oṣù kìíní tí a ṣègbéyàwó, odindi ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọkọ mi fi wá ibi tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu lẹ́yìnkùlé wa. Èmi ló bá a di kẹ̀kẹ́ náà mú. Á gùn ún, á sọ̀ kalẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ń ro mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Nígbà tó rí ibi tó dáa, ó ní kí n wá nǹkan tí a lè fi sàmì sára irin tó gbé ìjókòó náà dúró, ní ibi tó ti wọnú kẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. Mo gbé ọ̀dà pupa tí mo fi kun èékánná nígbà ìgbéyàwó wá, mo sì fa ìlà kan yí irin náà ká. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọwọ́ ìyàwó mi ló fà á. Àmì yìí ò ní parọ́ fún mi láéláé."

Nígbà ọyẹ́ ọdún tí a gba òmìnira, eré ìje ńlá kan wáyé lókè Ọya. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa fi sá a. Ọjọ́ kìíní, Kàdúná sí Sàríà. Ọjọ́ kejì, Sàríà sí Kánò. Ọjọ́ kẹta, Kánò sí Dáúrà. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n á parí ẹ̀ sí Kàtísínà, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹ́ẹ̀ tán. Àkókò ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ro pọ̀. Ilé iṣẹ́ náà wá ṣèlérí pé eléré wọn tó bá wà nínú ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́, Kánò ló máa lọ gbé fún ọdún mẹ́ta, kó máa bá wọn sáré ìje káàkiri òkè Ọya. Ọkọ mi gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn, ó já gèlè lórí mi, ó fi ń jó. Ó ní kí n kọ́kọ́ dúró bímọ, lẹ́yìn náà òun á wá mú mi.

Oyún oṣù mẹ́ta ló wà nínú mi. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé lọ́rì ni mò ń bẹ̀rù, pé eruku ọ̀nà òkè Ọya kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí kẹ̀kẹ́. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ràn ọkọ mi jù, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ kó kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n máa ń ti ìjókòó rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá kó má gba àyè. Bí wọ́n bá débẹ̀, olúkúlùkù á gbé tirẹ̀ dé ojú àmì. Èmi ni mo máa ń di kẹ̀kẹ́ ọkọ mi. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, ó jáde lọ dágbére fún ìyá rẹ̀. Mo fi abẹ fá ìlà pupa yẹn kúrò. Mo gbé ìka mi lé irin náà, mo wọn ìbú ìka kan sókè, mo sì fa ìlà tuntun síbẹ̀. Ọ̀dà kan náà, ọwọ́ kan náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tó bá débẹ̀, ìjókòó rẹ̀ á fi ìbú ìka kan rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èrò mi ni pé á kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á ṣe ipò karùn-ún tàbí ìkẹfà, á sì padà wá bá mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ ló máa jìyà ọ̀rọ̀ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ kìíní, kẹ̀kẹ́ náà dà bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé lábẹ́ òun. Ó wolẹ̀, ó rí àmì pupa níbi tó yẹ kó wà, ló bá gbà pé jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ló mú ara òun le. Síbẹ̀ ipò kẹta ló dé Sàríà. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun wo àmì náà lójú ọ̀nà Kánò, ó sì wà níbẹ̀. Ní Dáúrà, orúnkún ti wú. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kó wọ lọ́rì, ó kọ̀. Ẹsẹ̀ kan ló fi wa kẹ̀kẹ́ wọ Kàtísínà, nígbà tí àwọn tó borí ti wẹ̀, tí wọ́n ti jẹun. Ó ní àwọn ará ìlú náà dúró dè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn àgbà ń nawọ́ omi sí i. Òun lẹni ìkẹyìn pátápátá.

Lọ́jọ́ tó dé, mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Dùgbẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí arúgbó. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo bá ọ ra tìróò Kánò." Mo bú sẹ́kún. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ nìkan.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ orúnkún yẹn láàárọ̀ lálẹ́. Ọwọ́ tí mo fi fa ìlà ni mo fi ń wọ́ ọ. Nígbà tí a sọ ọmọ wa lórúkọ, ó dìde láàárín èrò, ó ní ọwọ́ ìyàwó òun ló wo òun sàn. Ó sọ ọ́ fún oníbàárà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbàkúùgbà tó bá ti sọ ọ́, ńṣe ni mo máa ń wá nǹkan ṣe ní ilé ìdáná.

Kò sáré ìje mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ ògiri pálọ̀, ó ní orúnkún ìdílé àwọn ni kò lè rìn jìnnà, pé bàbá àwọn náà tiro kó tó kú. Ó gbà fún Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Kò bínú sí ẹnì kan. Orin ló máa ń kọ tó bá ń lẹ táyà. Ká ní ó ń bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Ọmọ wa ti ń na ọwọ́ kọjá lórí báyìí, ó ku díẹ̀ kó kan etí kó lè wọ ilé ìwé. Ọdún márùn-ún ti lọ. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ilé iṣẹ́ yẹn tún wá, àbúrò ọkọ mi ni wọ́n fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Ọmọ ogún ọdún ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ayọ̀ sọ ọkọ mi di ọmọdé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó nù ún, ó fi epo sí ṣéènì rẹ̀, ó sì gbé ìjókòó rẹ̀ dé ojú àmì tí mo fà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Eyínfúnjowó ti ń gùn ún lọ sí Ọ̀yọ́ lọ bọ̀, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó jókòó tì í, ó fọwọ́ kan orúnkún náà. Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Jẹ́ ká tètè fi sílẹ̀ kó má baà sọ ọ́ dà bí mo ṣe dà." Ó ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, òun á lọ sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Eyínfúnjowó ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ta ní ọjà tí kò dáa.

Mo gbìyànjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo mú sípánà, mo gbé ìjókòó náà sókè síbi tó yẹ kó wà. Lálẹ́, ọkọ mi rí i. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn bi ọmọ wa pé ṣé òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré, ló bá dá a padà sójú àmì. Ó fi àtàǹpàkò ra ìlà pupa náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èyí tí ìyàwó mi fà nìyí." Mo rò ó pé kí n fá a, kí n tún òmíràn fà. Ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó nìkan nìyẹn máa yọ. Ọkọ mi á ṣì máa gbà pé ara òun ló já òun kulẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò jókòó sọ fún un. Ó tọ́ kí ẹ bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti la ẹnu. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo ojú mi, ó ní ṣé mo tún ti lóyún ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun ló máa ń ka ojú ìwé yìí sí mi létí, bí mo bá ń rán ojú bọ́tìnì. Á kà á sókè ketekete, á sì dájọ́ fún gbogbo yín. Á ní eléyìí jẹ̀bi, tọ̀hún ò jẹ̀bi, obìnrin yìí, kí ọkọ rẹ̀ fi orí jì í. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi síbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin òǹkàwé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọkọ, ṣé ẹ lè fi orí jì mí? Ẹ kọ̀wé, kó ka tiyín náà.

Àkànní, tí ẹ bá ti kà á dé ibí yìí, mo mọ̀ pé ohùn yín ti ń lọ sílẹ̀ láti ibi ọ̀dà pupa. Èmi tí mo jókòó níwájú yín yìí ni. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀jẹ̀ yín, kò sí ohun tó ṣe orúnkún yín, ọwọ́ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ bá máa bínú, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bínú, sípánà wà lábẹ́ máṣíìnì mi. Ẹ pe Eyínfúnjowó, kí ẹ gbé ìjókòó yẹn sókè ní ìbú ìka kan. Ìka tèmi ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.