Tíṣà Inú Àpótí àti Àwọn Ọmọ tí A Kò Kà

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ báyìí, wọ́n ti wá bi wá ní ìbéèrè yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìbéèrè yẹn gan-an. 'Ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń wo ètò ẹ̀kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé yìí?' O rò pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ yìí lẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ jókòó. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ìdáhùn kiri láti ilé dé ilé yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Ṣé ẹni tí mo bí ìyá ẹ̀ ló fẹ́ máa kánjú mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìkòsí níbí náà ni. Kì í ṣe Ìkòsí tí ẹ mọ̀ yìí o. Koríko pọ̀ ju ilé lọ. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà tó lọ sí Kétu á di ẹrẹ̀, èèyàn á bọ́ bàtà, á gbé e dání. Bàbá mi, kápẹ́ńtà ni wọ́n, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n kan lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń kó kúrò l'Ékòó, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Wọ́n wá fi pákó kan àpótí fún un, àpótí onílẹ̀kùn, tó ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ o! Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, àwọn ló máa ń so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró wọn. Lónìí ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ á ti gbé fóònù dání, ta ló mọ ohun tó ń wò?

Ọparun ni a so eriali mọ́, lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mò ń yí i. Wọ́n á máa pariwo láti inú ilé, 'Yí i sí Ọjọ́ta! Ó tún ti lọ! Dá a padà!' Nígbà mìíràn màá dúró dì í mú títí ètò á fi parí, ohùn tíṣà nìkan ni mò ń gbọ́ láti ojú fèrèsé.

Tíṣà Inú Àpótí, bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń lo awò ojú. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wá, Yorùbá ló sì fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Á ní, 'Ẹ wí i tẹ̀lé mi.' Gbogbo ọmọ àgbàlá á han. Á ní, 'Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ dáadáa.' A rò pé ó ń gbọ́ wa ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín... ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilé kejì á kún ojú fèrèsé, wọ́n á máa ti ara wọn.

Ẹ gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àbúrò mi ni, rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Ilé ìwé jìnnà. Ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n gba inú ẹrẹ̀ yẹn lójoojúmọ́? Bàbá mi gbìyànjú, ẹ̀yìn wọn kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe jókòó sílé. Àpótí yẹn ni ilé ìwé tirẹ̀. Èédú ló fi ń kọ̀wé sórí sìmẹ́ńtì. Á kọ, á fi ọwọ́ nù ún, á tún kọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, bàbá mi gbé àga lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà gbá a nù. Wọ́n ń sọ fún gbogbo oníbàárà, 'Àbẹ̀kẹ́ mi yóò di akọ̀wé. Akọ̀wé ò fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́.'

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tíṣà fi bẹ̀rẹ̀. Ilé. Omi. Ọwọ́. Ó ti ṣèlérí pé bó bá yá, a ó bọ́ sí ọ̀rọ̀ gígùn. Àbẹ̀kẹ́ ń retí ọ̀rọ̀ gígùn yẹn bí ẹni ń retí ọdún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan dé. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ló rán wọn. Ọmọlúàbí ni wọ́n o. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Inú Ìyá Àgbà dùn sí wọn, wọ́n ní ká gbé àga wá. Obìnrin yẹn ní, 'Màmá, a fẹ́ mọ àwọn tó ń wo ètò ìwé kíkà, kí a lè mọ̀ bóyá kó máa lọ. Ọmọ mélòó ló ń wò ó níbí?'

Ha! Ojú Ìyá Àgbà yí padà.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ kàn ń ka èèyàn kiri bí ẹní ń ka iṣu. Ìyá Àgbà bímọ, wọ́n sin ín. Wọ́n tún bí, wọ́n tún sin ín. Bàbá mi nìkan ló kù. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n gbà pé àwọn kan tó wá ka èèyàn ní Ìṣẹ́yìn ló fà á, pé Ìyá Àgbà fúnra wọn ló na ìka sí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń kà wọ́n. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Ìwọ ti sin ọmọ rí ni?

Ìyá Àgbà ní, 'Kò sí ọmọ níbí.'

Obìnrin yẹn ní, 'Màmá, ariwo ta là ń gbọ́ lẹ́yìnkùlé yẹn?'

'Ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n.'

'Ta ló wá ń wo ètò náà?'

'Èmi ni. Arúgbó bíi tèmi. Ó ń dá mi lára yá.'

Àbẹ̀kẹ́ wà ní yàrá, ó ń gbọ́. Ló bá pariwo, 'Èmi náà ń wò ó! Mo ti mọ orúkọ mi kọ!' Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n wúkọ́, wọ́n wúkọ́, ikọ́ tí kò sí láyà. Mo la ẹnu pé kí n sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà wò mí. Ẹ mọ ojú yẹn? 'Wúràọlá, lọ bu omi wá fún àlejò.' Obìnrin yẹn wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo Ìyá Àgbà... kò béèrè mọ́. Ṣé ó máa pe àgbà ní onírọ́ ni? Nígbà tí mo fi gbé omi dé, wọ́n ti dìde.

Ní ilé kejì, wọ́n ti gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà wí. Ìyàwó ilé wo ló máa ka ọmọ tirẹ̀ nígbà tí àgbà àdúgbò ò kà? Gbogbo wọn ní kò sí ọmọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Alápẹ̀rẹ̀. Ọmọ kún ìta fọ́fọ́, wọ́n ní kò sí ọmọ!

Kò pẹ́ sígbà náà. Ìyá Àgbà ṣí àpótí lírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbóná, èmi di ọparun mú lẹ́yìnkùlé. Mò ń retí ohùn tíṣà. Orin ijó ni mo gbọ́. Mo yí i sí Ọjọ́ta. Orin. Mo yí i sí Mile 12. Orin náà ni. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, kí n wọlé. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú ẹ̀rọ, ó ní àwọn ọmọdé tó ń wo ètò ìwé kíkà kò tó nǹkan, ijó ni yóò máa wà níbẹ̀ báyìí. Kò tó nǹkan! Àwọn ọmọ tó kún ojú fèrèsé ń gbọ́ ọ o, wọ́n ń wo ara wọn.

Àbẹ̀kẹ́ ò sunkún. Ì bá tiẹ̀ sunkún ni. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ́ ara rẹ̀ wá síwájú àpótí, èédú lọ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ ṣí i. Bóyá ara tíṣà ni ò yá.' Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyá Àgbà ò lè wò ó lójú mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. 'Gbà, máa ṣí i bó ṣe wù ọ́.' Kí ló fẹ́ fi ṣe? Bàbá mi ò bá ìyá wọn wí. Ẹni tó fi ọwọ́ bo ọmọ mọ́lẹ̀ kí ikú má rí i, ṣé ó ṣe é bá wí? Inú mi kàn bàjẹ́ ni. Inú mi ṣì bàjẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ dàgbà, ó ń di irun. Òun ló di irun ìgbéyàwó ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀, á ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á dúró. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi parí ẹ̀.' Títí ó fi darúgbó. Àkọlé ara ògiri, ìwé oògùn, ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù... 'Ẹ bá mi parí ẹ̀.' Ọdún tó kọjá ló kú, nínú yàrá yẹn.

Ẹ wá wo ayé báyìí. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ńlá nìyẹn lára ògiri. Iná dà? Àsìkò tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀kọ́ náà gan-an ni wọ́n ń mú iná lọ. Ẹ̀rọ yín bi mí bóyá mo ní tẹlifíṣọ̀n. Mo ní in. Ṣé ó béèrè iná? Kò béèrè. Ìwọ náà lo sì sọ fún mi lánàá pé ẹ kan géètì kan ní Olowora, obìnrin tó jáde ní kò sí ọmọ nílé òun, aṣọ ilé ìwé sì wà lórí okùn lẹ́yìn ẹ̀. Ó rò pé gbọ́mọgbọ́mọ ni yín. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà ni mò ń rí. Ikú la fi ọmọ pamọ́ fún nígbà yẹn, èèyàn ẹlẹ́gbẹ́ wa là ń fi wọ́n pamọ́ fún báyìí. Ìmọ̀ràn wo ni kí n wá fún yín? Kí ẹ béèrè dáadáa? Ẹ béèrè dáadáa, ta ló máa dá yín lóhùn? Ó ti sú mi.

Ó dáa, gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Àwa mélòó la ń wò ó? Gbogbo ọmọ ti lọ, wọ́n ti fi ilé sílẹ̀ fún mi. Bí iná bá wà, èmi ni mò ń wò ó. Kọ mí sílẹ̀. Kà mí, mi ò bẹ̀rù mọ́... Tún kọ Àbẹ̀kẹ́ sí i. Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ kékeré ni, òun gan-an mọ̀ ọ́n kọ.

Kí ni ẹ̀rọ yín ní? Ó ní òun ò gba ẹni tó ti kú?

Ó dáa. Nígbà tó wà láàyè náà, wọn ò kà á.