Ìbéèrè Kẹta

Nídìí àtẹ ìwé àlòkù kan ní àdúgbò Amoutivé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, láyé tí ìjọba ò fàyè gba ju ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo lọ, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá aránṣọ kan àti ìyá tó ń tàwé.

"Ìyá, mò ń dá ka ìwé tí mo rà lọ́wọ́ yín yẹn, èyí tó sọ nípa ìjọba Amẹ́ríkà. Ìwé pélébé atọ́nà tẹ́ ẹ fi kún un ló di tíṣà mi. Ìbéèrè kẹta inú rẹ̀ ní, kí ni àdúgbò mi ti ṣe láìdúró de ìjọba? Mo kọ kànga tá a gbẹ́, mo to orúkọ gbogbo àwa tá a gbẹ́ ẹ sí i."

"Yíǹkì lẹ fi kọ ọ́? Háà, Mùsíyé! Ìjọba á ní a dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀. Ẹ gba kéréyọ̀n yìí, pẹ́ńsùlù ni, kẹ́ ẹ fi tún un kọ; ó ṣeé pa rẹ́."

"Orúkọ yín ló ṣáájú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ́?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó gba kéréyọ̀n rẹ̀ padà. "Ẹ fi tèmi sílẹ̀ ní yíǹkì o jàre."