Gíláàsì Mẹ́ta Tí Mo Gbé Síwájú Ìyá Atọ́wò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga gígùn yìí, ẹ̀yin tí ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́ bíà wò, ẹ gbé gíláàsì yín sílẹ̀ ná. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́sàn-án òní, kò sí nínú ìwé tí wọ́n pín fún yín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi jẹ́ olórí àwọn atọ́wò níléeṣẹ́ yìí. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lẹ ń kí mi, àwọn aláwàdà inú yín tilẹ̀ ń pè mí ní Baba Onímú. Imú náà kò burú, ṣùgbọ́n àga tí mo jókòó lé kì í ṣe tèmi. Lóṣù tó kọjá, dókítà gbé fọ́tò ọ̀nà ọ̀fun mi síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí ibì kan, ó ní, "Bàbá, tí ohun kan bá wà tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ má fi falẹ̀." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju pé kí n sọ òtítọ́ kan nígbà tí ohùn ṣì wà.

Abúlé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láàárín oko àgbàdo àti ewúrẹ́ tí kì í gbọ́ràn. Nígbà tí mo dé ìlú, iṣẹ́ fífọ àgbá ni mo rí níléeṣẹ́ yìí. Mo fọ àgbá fún ọdún méje gbáko, gbogbo ohun tí mo sì mọ̀ nípa bíà kò ju pé ó máa ń hó, èèyàn á mu ún, á sì gùfẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kíláàsì yóò máa wà lọ́sàn-án Sátidé, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn bíà àti bí a ṣe ń tọ́ ọ wò, ẹ̀rín ni mo fi rín. Mo ní, "Ilé ẹ̀kọ́ ọtí kẹ̀? Gbogbo ọ̀mùtí tí mo mọ̀, ta ló kọ́ wọn?" Baba Kọ́kọ́rọ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí, tí òkìtì kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo nídìí rẹ̀ bó bá ń rìn, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìwọ lọ jókòó síbẹ̀. Ó kéré tán, wọn ò ní kí o wá fọ nǹkan." Irọ́ ló pa, àwa náà la fọ gíláàsì. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Obìnrin kan ló ń kọ́ wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó kéré, ó rí gbígbẹ, bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nídìí táǹkì ló máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì. Ìyá Atọ́wò ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bu ọtí fún ẹnikẹ́ni. Ó da ọkà bálì sí wa látẹ́lẹwọ́, ó ní ká jẹ ẹ́. Ọkùnrin awakọ̀ kan ní koríko lòun ń jẹ, ṣé òun di màlúù ni. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó da òmíràn sí wa lọ́wọ́, èyí tí wọ́n rẹ sómi títí tó fi hù, tí wọ́n sì ti yan. Mo jù ú sẹ́nu. Búrẹ́dì ni, ẹ̀yin èèyàn mi, èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó tún fún wa ní ẹ̀kẹta, tí wọ́n yan títí tó fi dúdú, kọfí ló dà lẹ́nu mi. Ìyá wá ní, "Ọkà kan náà ni. Omi, iná àti sùúrù ló sọ ọ́ di mẹ́ta." Orí mi wú. Ọdún méje ni mo ti ń fọ àgbá, mi ò mọ ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ wa lọ, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, a ó sì máa na ọrùn bí ẹni fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bíà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan tó gbàgbé ọkà rẹ̀ sínú omi ni. Ó ní láyé tí àwọn èèyàn ṣì ń kọ̀wé sórí amọ̀ tútù, bíà wà lára oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n fún òṣìṣẹ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà títí dòní. Ó ní ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ náà wà fún ìgbà pípẹ́, nínú ilé ìdáná wọn, kó tó di ohun tí wọ́n ń kọ́ ilé ńlá fún. "Àlejò lẹ̀yin ọkùnrin jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí," ó wí, "ẹ nu ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé." Lọ́jọ́ mìíràn, ó kán bíà díẹ̀ sórí dígí, ó ní ká fi ojú wo inú awò tó ń mú ohun kékeré tóbi. Mo wò ó. Àwọn nǹkan roboto báyìí ni mo rí, wọ́n pọ̀ ju èèyàn ìlú lọ, òmíràn ń yọ ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwúkàrà nìyẹn, ohun tó ń sọ omi ọkà di ọtí. Ó ní fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ohun abẹ̀mí yìí ló ń ṣiṣẹ́ tí èèyàn ń gba ìyìn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà. Mo jókòó sídìí awò yẹn títí àwọn tó tò sẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nígbà tí ó wá bu bíà fún wa, mo gbé e símú, mo sì gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá dúró. "Ta ló sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Mo nawọ́ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Ìwúkàrà ló ṣe é. Ìwọ tí ò ń fọ àgbá yìí, o ní imú." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo ní nǹkan kan. Láàárín ọdún kan, ó ti gbà mí kúrò nídìí àgbá, ó fi mí sídìí táǹkì, mo sì di ẹni tó ń bá a gbé gíláàsì ní kíláàsì. Ọmọ mi ló ń pè mí. Ẹni tó ṣe èyí fún mi ni mo ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí sí.

Tí a bá fẹ́ gbé bíà láti inú táǹkì kan bọ́ sí òmíràn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi gáàsì lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Ogún ìṣẹ́jú ni. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí yìí, ọ̀tá bíà ni. Bó bá wọ inú rẹ̀, adùn rẹ̀ á ṣá, á sì máa rùn bíi páálí tí òjò pa. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ẹlòmíràn rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù ni mo ń sáré lọ wò, mo fo ogún ìṣẹ́jú yẹn, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé mo ṣe é. Kẹ́ ẹ má wá ìdí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá tọ́ ọtí táǹkì náà wò, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó sì sọ lójú Mánẹ́jà pé, "Afẹ́fẹ́ ti wọ inú eléyìí. Ẹnì kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀." Mánẹ́jà tọ́ ọ wò, kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn méjì mìíràn náà kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí kò tíì le. Ta ló gbé bíà náà? Wọ́n wo ìwé, wọ́n rí orúkọ mi, mo ní mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mánẹ́jà wá fẹnu tútù sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ ti ń dàgbà. Ẹ jẹ́ ká dán ahọ́n yín wò lọ́la, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

Ẹ ti mọ ìdánwò náà, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gíláàsì mẹ́ta, méjì jọra, ọ̀kan yàtọ̀, kí ẹni tó ń tọ́ ọ wò fa ẹyọ kan yọ. Ẹni tó bù ú ti kọ ìdáhùn sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mánẹ́jà béèrè ẹni tí yóò bù ú. Ìyá ní, "Ọmọ mi yìí ni kó bù ú. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e." Mo lọ bá Baba Kọ́kọ́rọ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí. Mo ní tí mo bá fi ọtí táǹkì yẹn sínú gíláàsì kan, kò ní tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú un jáde, iṣẹ́ mi á sì lọ. Ó ń họ irùngbọ̀n. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń bù ú? Ṣebí ìwọ lò ń kọ̀wé? Bu ọtí kan náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ ọ̀kan sínú ìwé, kò ní mọ èyí tó jẹ́, àfi tó bá ṣèèṣì." Mo ní, "Ìyá tó gbé mi ga ńkọ́?" Ó ní, "Ṣé wọ́n ń pa á ni? Wọ́n á ní kó lọ sinmi." Baba Kọ́kọ́rọ́ ti kú, mi ò ní di ẹ̀bi rù ú. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, ọwọ́ mi ló ṣe é.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sórí gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìkejì ló yàtọ̀, ìwé náà sì wà lábẹ́ ọwọ́ Mánẹ́jà. Ìyá fi omi yọ ẹnu, ó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀. Ó tọ́ ìkíní, ó tọ́ ìkejì, ó tọ́ ìkẹta. Ó padà sí ìkíní. Ó di ojú. Mo ń retí kó fa ọ̀kan yọ, nítorí ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn, tí ọ̀nà bá dàrú a ó fa ọ̀kan ṣá. Ó la ojú, ó ní, "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan náà ni. Inú táǹkì kan náà ni wọ́n ti wá."

Ẹ̀yin ọmọ, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti rí oríṣiríṣi èèyàn níwájú gíláàsì mẹ́ta, àwọn tó kàwé lọ́nà jíjìn, àwọn tí ìwé ìròyìn kọ orúkọ wọn. Kò sí ẹyọ kan tó ní ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àfi òun. Mo dúró níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo wà níwájú ahọ́n tó ju gbogbo ahọ́n tí mo máa bá pàdé láyé lọ. Ó wù mí kí n dọ̀bálẹ̀. Mánẹ́jà ní, "Màmá, òfin ìdánwò ni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀." Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ yín lófin." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o bù ú bó ṣe yẹ?" Ibẹ̀ gan-an ni. Bíbu ọtí yẹn burú, ṣùgbọ́n ká ní mo sọ òtítọ́ lákòókò yẹn, ohunkóhun kì bá tí bàjẹ́. Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìkejì ló yàtọ̀."

Kò bá mi jà. Ó gbé ìkejì, ó tún tọ́ ọ wò. Mo rí i tó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀, tó ń wá a bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ó gbé gíláàsì sílẹ̀, ó rọra fi aṣọ nu ìdí rẹ̀ kó má fi omi sórí tábìlì. Ó ní, "Tí ìwọ bá sọ bẹ́ẹ̀, ahọ́n mi ló ti lọ nìyẹn." Irọ́ mi ló gbà gbọ́, ó sì kọ ẹnu ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fún mi ní àga rẹ̀. Ọtí tó ti bàjẹ́ yẹn, èmi àti Baba Kọ́kọ́rọ́ lú u mọ́ bíà dúdú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó sì dé ilé, kò fọkàn tán ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wàrà tí kò ṣe nǹkan kan, á dà á nù, á ní bóyá ó ti kan. Kò tún mu bíà mọ́. Tí wọ́n bá bi í pé oúnjẹ ńkọ́, á ní ẹ bi ẹni tó ní ahọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá a. Ó jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò bu iyọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ìyá ní, "Ọtí wo ni o bù sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Bíà pupa, Màmá. Táǹkì kẹrin."

"Ọjọ́ mélòó ló ti lò níbẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án."

Ó mi orí. Ó ní, "Mẹ́jọ ni mo rò." Ó wá ní, "Kí n tó ṣiyè méjì ẹnu mi, mo mọ̀ pé ìwọ lo fo ogún ìṣẹ́jú yẹn. Mo ń retí kí o sọ ọ́ fúnra rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o bù ú." Lẹ́yìn náà, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó bu ọbẹ̀ díẹ̀ wá. Ó fi ṣíbí bù ú sẹ́nu, ó di ojú bíi tàtijọ́. Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, bí mo ṣe ń sè é láti ọdún mọ́kànlá nìyí."

Ó ní, "Láti ọdún mọ́kànlá ló ti ń pọ̀ jù."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní ìdáríjì kò tíì wá sóun lẹ́nu, òun kò sì ní parọ́ pé ó ti wá. Kí n kọ́kọ́ lọ dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, bí òun ṣe dúró níwájú wa lọ́jọ́ yẹn. Mo ti kọ̀wé sí Mánẹ́jà láàárọ̀ yìí. Mo ti kúrò lórí àga náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ ó máa bu ọtí fún ẹlòmíràn tọ́ wò. Ẹnu èèyàn ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe gíláàsì. Ẹ má ṣe é níṣekúṣe. Èmi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín náà, nítorí gbogbo ohun tí mo kọ́ yín, òun ló ni ín, ẹ kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn kí n tó lọ, ọmọ rẹ̀ aránṣọ ló sọ ọ́ fún mi, tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Èyí tó ṣẹlẹ̀ níbí, èmi ni mo ṣe é.