Ìdí Tí Olórí Ilé Ọdán Fi Ń Jókòó Sílẹ̀ Láàárín Ọmọdé

Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa kọjá, nígbà tí igi ọdán tí ẹ̀ ń wò yìí ṣì kéré, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ló tẹ ilé wa yìí dó. Ẹ má wulẹ̀ ka iye ìran tó wà láàárín wa. Ó ti pẹ́. Ẹ sáà jókòó dáadáa.

Nígbà náà, bí obìnrin bá ń roko, etí ebè ló máa ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ejò ti bu ọmọ ọmọ Àwẹ̀ró ṣán. Kí wọ́n tó gbé e délé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwẹ̀ró sunkún, ó sunkún títí. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó ní kí àwọn ìyá máa kó ọmọ wọn wá sábẹ́ ọdán. Òun àti àwọn arúgbó obìnrin bíi tirẹ̀ ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń kọ́ wọn lórin, wọ́n ń kọ́ wọn ní àlọ́, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ka nǹkan, bí a ṣe ń pín nǹkan. Ilé kọ̀ọ̀kan ń mú iṣu wá fún oúnjẹ wọn.

Ẹ mọ̀ pé ibi tí iṣu bá ti ń wọlé, ẹnu kì í dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan lọ bá Baálẹ̀, wọ́n ní àwọn arúgbó ń fi iṣu ìlú sanra. Baálẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó pe Ọ̀tún, igbá-kejì rẹ̀. Ó ní, "Lọ wò ó fún mi. Bí àǹfààní bá wà níbẹ̀, ká mọ ohun tí a ó fi kún un. Bí kò bá sí, kí kálukú gbé ọmọ rẹ̀ padà sóko."

Àwẹ̀ró gbọ́ pé Ọ̀tún ń bọ̀. Ó wẹ àwọn ọmọ, ó fi àdín pa wọ́n lára títí wọ́n ń dán. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í lanu níbi tí àgbà bá wà. Ọ̀tún dé, wọ́n gbé àga fún un.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín níbí?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ó bi ẹlòmíràn, onítọ̀hún ń wo ilẹ̀. Ó tún bi ẹlòmíràn, ìyẹn bú sẹ́kún. Ni Ọ̀tún bá dìde.

"Àwẹ̀ró, ọmọ tó bá máa jókòó bí odó, ṣé kò lè jókòó bẹ́ẹ̀ lóko?"

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ló ń dà á láàmú yìí. Ó ń wo ẹ̀yìn Ọ̀tún bó ṣe ń lọ, ó ń rí etí ebè, ó ń rí ejò. Ó sáré tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la. Ẹ má gba àga, ẹ má dé fìlà, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

"Èmi? Kí n jókòó sílẹ̀ láàárín ọmọ ọwọ́?"

"Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìdúró rí i. Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n orí àga lẹ jókòó sí lónìí, ilẹ̀ sì làwọn ọmọ wà."

Ọ̀tún bínú. Ó bínú gan-an. Síbẹ̀, ó padà wá.

Àwẹ̀ró kò kìlọ̀ fún ọmọ kankan lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ wo Ọ̀tún, wọ́n wò ó títí ó fi sú wọn, wọ́n bá padà sídìí eré. Wọ́n ń kọ ebè sínú iyanrìn, wọ́n ń kà á, wọ́n ń pín òkúta wẹ́wẹ́ bí iṣu, ẹni tí tirẹ̀ kò pé ń pariwo. Ọmọbìnrin kan, Dúrójayé, pọn ṣùkù àgbàdo bí ọmọ. Bó ṣe fẹ́ roko, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó tẹ́ ọmọ náà sí etí ebè.

"Rárá o! Ejò wà níbẹ̀." Dúrójayé wo yíká, ó gbé ṣùkù náà lé itan Ọ̀tún. "Bàbá, ẹ bá mi gbé e. Ẹ má jẹ́ kó sunkún."

Ọ̀tún, ọkùnrin tó ti jagun rí, gbé ṣùkù àgbàdo dání. Kò mọ bó ṣe máa gbé e. Ọmọ náà kọ́ ọ pé orí rẹ̀ ni kó dì mú. Àwẹ̀ró ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Dúrójayé gbójú sókè. "Bàbá, bí òjò bá dé, ibo la máa sá sí?"

Ọ̀tún wo òkè, ewé ọdán nìkan ló rí. Ó dìde, ó kọrí sílé Baálẹ̀, ó gbàgbé ṣùkù náà sọ́wọ́. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ti iṣu sílẹ̀. Ilé làwọn ọmọ yẹn ò ní." Kí òjò tó dé, wọ́n ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdán. Ògiri rẹ̀ lẹ fẹ̀yìn tì yẹn.

Láti ìgbà náà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, olórí ilé wa a bọ́ fìlà, a bọ́ bàtà, a jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Kò gbọdọ̀ bi wọ́n ní ohunkóhun. Ohun tí ọmọ bá kọ́kọ́ bi í ni iṣẹ́ tí ilé máa ṣe fún wọn lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbẹ́ kànga. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe ọgbà tí ewúrẹ́ ò lè wọ̀ yẹn.

Èmi olórí ilé ni mo jókòó lọ́dún yìí. Ó pẹ́ kí n tó dé ilẹ̀. Ẹ má rò pé mi ò rí ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbíyẹmí, èyí tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, wá dúró tì mí. Ó ní, "Bàbá, eékún yín ń dún. Ta ló máa jókòó síbí lọ́dún tó ń bọ̀?"

Iṣẹ́ tí ilé máa ṣe lọ́dún yìí nìyẹn, ká wá ẹni tó máa jókòó lẹ́yìn mi. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ó yá, ẹ bọ́ bàtà.